Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó lọ sí erékùṣù kékeré kan

Afẹ́omi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ dá rò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti ìyàwó mi ti ń tọ́jú owó ká lè kúrò nígboro. A wá rí erékùṣù kan tó wù wá. Agboolé ibẹ̀ ò pé ọgọ́ta. Ilé ìwé kan ló wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan, èbúté kan. A lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ dára, ara sì tù wá débi pé ìyàwó mi ń sunkún nígbà tí ọkọ̀ ń gbé wa padà. Ilé àtijọ́ kan wà lẹ́yìn èbúté tí wọ́n fẹ́ tà. Èrò wa ni pé ká rà á, ká tún un ṣe, ká máa gbé apá kan, ká máa fi apá kejì gba àlejò. Ọmọ méjì la ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo tún kà á níbì kan pé ìjọba ilẹ̀ Ireland ń sanwó fún ẹni tó bá kó lọ sí erékùṣù, mo sì ń rò ó bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé erékùṣù rí, kí ló dùn yín pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín kí ẹ tó sanwó?

Alákọsílẹ̀:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Ireland yẹn, torí mo mọ ẹni tó fẹ́ tìtorí rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé lọ́dún 2023 ìjọba ibẹ̀ gbé ètò kan jáde fún àwọn erékùṣù wọn tí afárá ò so mọ́ ilẹ̀. Àmọ́ àtúnṣe ilé ni owó ìrànwọ́ náà wà fún: ó lè tó 60,000 yúrò fún ilé tó ṣófo, àti 84,000 yúrò fún èyí tó ti di àlàpà. Kì í ṣe owó ìkẹ́rù. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ilé náà, ó gbọ́dọ̀ ti ṣófo fún ọdún méjì ó kéré tán, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ tàbí kí ẹ fi háyà. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìgbélùú. Ibi yòówù tí ẹ bá ti rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ìwé ètò náà gan-an ni kí ẹ lọ kà.

Ìyá Èbúté:
Ọmọ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé erékùṣù kan tí agboolé rẹ̀ ò tó tiyín yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọdún náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí ojú ọjọ́ dára, ojú tí erékùṣù fi ń kí àlejò lẹ rí. Ẹ ò tíì rí ojú tó fi ń bá onílé gbé. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé: oṣù wo ni ọkọ̀ kì í lè wá? Ọjọ́ mélòó ni kò wá nínú oṣù náà lọ́dún tó kọjá, àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀? Ẹ má bi ẹni tó ń ta ilé. Ẹ bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì, torí òun ló mọ ọjọ́ tí búrẹ́dì ò dé.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni ara ọmọ mi obìnrin gbóná lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti pọ̀n ọ́n, mo ti dé èbúté. Atẹ́gùn ń fẹ́ débi pé okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ le gbagidi, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, omi sì ń fọ́n dé ibi tí mo dúró sí. Ọ̀gá atukọ̀ jáde wá, ó wo ojú omi títí, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kò ṣeé ṣe." Ọjọ́ Ẹtì lọkọ̀ tó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gba ìtọ́ni lẹ́nu dókítà lórí fóònù, mo ń fi aṣọ tútù nù ún lára, mo ń ka èémí rẹ̀. Orí bá wa ṣé, ó yè. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Mi ò bá atukọ̀ yẹn bínú rí, torí ẹ̀mí èèyàn méjìlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá tú okùn yẹn. Èmi ni mi ò béèrè kí n tó kó débẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gba yàrá, kí ẹ gbé ibẹ̀ la àkókò ìjì já, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ kó àwọn ọmọ dání. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti jẹ oúnjẹ inú agolo fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, tí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nílé ti ṣáájú yín dé èbúté, ẹ lọ rà á. Mo máa bá yín dunnú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Èbúté. Ẹni tó bá ń lo oògùn ojoojúmọ́, kó ní ti oṣù méjì nílé nígbà gbogbo, kó má jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bi wọ́n pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín òru, ta ló ń wá gbé aláìsàn, kí ló fi ń gbé e, ta ló sì ń sanwó rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ni, ẹ gba gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Aboyún ní láti kúrò ní erékùṣù kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ìyẹn sì ń béèrè ilé tó máa gbé níbi tó bá lọ àti ẹni tó máa tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀. Ìyàwó yín àti ẹ̀yin, kí ẹ jọ lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Kì í gbà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Kafíńtà Etíkun:
Ilé àtijọ́ lẹ́yìn èbúté. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o.

Iyọ̀ inú atẹ́gùn kì í sinmi. Mo ti fi àtàǹpàkò mi tẹ orí ìṣó ojú fèrèsé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ó sì fọ́ bí bísíkí. Ọ̀dà ló gbé fèrèsé náà dúró. Bí ẹ bá lọ wo ilé yẹn, ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání, kí ẹ fi gún ìdí òpó, etí páànù àti igi abẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun. Bí ilé bá jẹ́ oníkọnkéré, ẹ wo ibi tó ti sán, tí ipata ti ń ṣàn jáde. Irin inú rẹ̀ ti wú nìyẹn. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n fi yanrìn etíkun tí wọn ò fi omi dídùn fọ̀ pò ó, tàbí kó jẹ́ omi òkun ni wọ́n fi pò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀dà ò lè wo irú rẹ̀ sàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ kàn rẹ́ ẹ, kó lọ rẹ́ tiẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe, ẹ lo ìṣó àti bóòtù tí kì í dípata. Ní tòsí òkun, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 316 ló yẹ yín, torí 304 máa ń ní àbàwọ́n, ó sì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ́n jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ owó ọkọ̀ tí ẹ máa fi gbé kafíńtà wá lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ju ìyàtọ̀ owó wọn lọ. Ìnáwó tí ẹni tó ń gbé ìgboro kì í kà nìyẹn: ẹ máa san owó ẹrù láti ilé ìtajà dé èbúté, láti èbúté dé inú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ máa fún bíríkìlà nílé gbé, ẹ ó sì bọ́ ọ lọ́jọ́ tí ìjì dá a dúró. Àpò sìmẹ́ǹtì tí omi bá fọ́n sí lójú ọ̀nà ti di òkúta. Ẹ fi ìdajì lé iye tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ àkókò di ìlọ́po méjì. Bí iṣẹ́ ṣe rí lọ́wọ́ mi láti bí ogún ọdún nìyẹn.

Bàbá Kànga:
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ilé. Omi ńkọ́?

Ní erékùṣù kékeré tó jẹ́ oníyanrìn, omi dídùn tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe odò. Òjò ló rọ̀ wọlé, tó léfòó sórí omi iyọ̀, torí omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ díẹ̀. Bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Èèyàn á ní omi yẹn mà pọ̀ o. Àmọ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà: bí ẹ bá fi ẹ̀rọ fa omi títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní ìdajì mítà, omi iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá bá yín láti ìsàlẹ̀, ó sì lè gòkè tó mítà 20. Ọ̀pọ̀ kànga tí wọ́n sọ pé ó "bàjẹ́ ṣàdédé," ẹ̀rọ ńlá tí ẹnì kan rà ló bà á jẹ́, kànga aládùúgbò sì bá a lọ. Kànga tó bá ti di oníyọ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ tọ́ omi kànga ilé yẹn wò nígbà tí òjò ti dá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹ má tọ́ ọ wò lẹ́yìn òjò. Ẹ wo ibi tí ṣalángá wà sí i pẹ̀lú, tiyín àti ti aládùúgbò, torí nínú iyanrìn, ohun tó wà ní kọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé inú kànga.

Òjò orí páànù ló ń gba èèyàn. Ìṣirò rẹ̀ ò le: mílímítà òjò 1 lórí páànù tó jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 1, lítà omi 1 ni. Ká ní páànù yín jẹ́ 80 mítà onígun-mẹ́rin, tí òjò ibẹ̀ sì jẹ́ 1,000 mílímítà lọ́dún, 80,000 lítà nìyẹn lórí ìwé. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn èyí tó fọ́n dànù àti èyí tó fọ páànù mọ́, ó ku 64,000. Ẹ̀yin mẹ́rin, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo 50 lítà lójúmọ́, 73,000 lẹ máa lò. Ẹ ti jẹ gbèsè omi kí àlejò kankan tó dé. Àlejò ìgboro sì rèé, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń wẹ̀, tí omi á máa ṣàn lé e lórí nígbà tó ń fi ọṣẹ pa ara.

Èmi, bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń fi ìka kan táńkì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ti dún gbì, omi wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti dún kòǹkò, òfìfo ni. Ìka mi ló ń sọ fún ìyàwó mi bóyá aṣọ máa di fífọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Afẹ́omi:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá Kànga, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. Kànga wà nínú ọgbà ilé yẹn lóòótọ́, ẹ̀rọ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò sọ: ẹni tó ń ta ilé ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé òun nìkan kọ́ ló ni ín, àmọ́ pé "gbogbo wọn ti gbà." Ṣé ìyẹn ò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Ọmọ Lọ́yà:
Á dá a sílẹ̀. Ẹ má sanwó kankan, kódà owó àsansílẹ̀, títí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ á fi fọwọ́ sí i, títí kan àwọn tó ń gbé ìlú òkèèrè. Ọ̀pọ̀ erékùṣù ni ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká gbogbo ayé, ẹni tí ẹ ò rí yẹn ló máa ń dé lọ́dún kẹta pẹ̀lú ìwé bàbá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òfin ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni ilẹ̀ ti ṣeé rà. Ní Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀, kò ṣeé tà, ẹ kàn lè gbà á lò fún iye ọdún kan ni. Ní Vanuatu, tó wà ní òkun Pàsífíìkì kan náà, òfin orílẹ̀-èdè náà ló sọ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀, àlejò lè gbà á lò, kò sì gbọ́dọ̀ ju 75 ọdún lọ. Ní Tristan da Cunha, erékùṣù kan tó dá wà ní òkun Àtìláńtíìkì, gbogbo ará ibẹ̀ ló jọ ni ilẹ̀, àlejò ò lè rà á rárá. Ibi tó bá jẹ́ pé ẹ gba ilẹ̀ lò fún iye ọdún kan, ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ló kù, àti pé ta ló ni ilé tí ẹ kọ́ nígbà tí ọdún náà bá pé.

Ohun méjì tí ìwé ilẹ̀ kì í sábà fi hàn: ọ̀nà tí ẹ ń gbà dé èbúté, bóyá ó gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, àti etíkun tí omi ń jẹ. Ẹ wá àwòrán ibẹ̀ ti ogún ọdún sẹ́yìn, kí ẹ fi wé ti òní. Mo ti rí òkúta ààlà tí sọfíyọ̀ rì mọ́lẹ̀ tó ti wà nínú omi, tí èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀.

Onílé Àlejò:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwò, torí ọ̀nà tí mo ń gbà jẹun nìyẹn. Ẹ má fi ọjọ́ 365 ṣírò ilé àlejò ní erékùṣù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń wá ṣírò rẹ̀. Tiwa jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, a sì máa ń pàdánù tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ ò wá, tí a ní láti dá owó àwọn tó ti sanwó padà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó kù ò bá lè gbé ìnáwó ọdún kan, kì í ṣe òwò, ilé tí ẹ fẹ́ràn ni. Kò burú kéèyàn ní ilé tó fẹ́ràn, àmọ́ kó má lọ yáwó báńkì lé e lórí.

Ẹ wo iná náà. Erékùṣù Eigg ní Scotland wú mi lórí gan-an: lọ́dún 1997 ni àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ra erékùṣù náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nígbà tó sì di 2008 wọ́n tan iná tiwọn, èyí tí omi tó ń ṣàn, atẹ́gùn àti oòrùn ń mú wá. Kí gbogbo èèyàn lè rí i lò, ilé kan ò lè lò ju kílówáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé iṣẹ́ ò sì lè ju 10 lọ. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, iná yín á kú. Irú ààlà bẹ́ẹ̀, yálà wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí wọn ò kọ ọ́, wà ní ibi kékeré gbogbo. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin wá nítorí àlejò, ẹ lè máa fa iná lọ́rùn ilé ìwé.

Owó tó wà ní erékùṣù, nídìí ohun tó sọnù níbẹ̀ ló wà. Ní tiwa, kò sí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi kọ́ ọ, ó ní ẹ̀rọ yìnyín kan fún àwọn apẹja pẹ̀lú, ó ti lówó ju gbogbo wa lọ. Ẹ má ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí ṣọ́ọ̀bù kan ti wà. Agboolé ọgọ́ta ò lè bọ́ méjì, ẹni tí ẹ bá sì tì ṣubú, òun náà lẹ máa bá lórí ìjókòó ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Arìnrìn-àjò:
Ti ìrìn nìkan ni mo mọ̀. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí ọjọ́ tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi ọjọ́ méjì sáàárín wọn, ó kéré tán. Ibi tó bá jìnnà, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ lé e: láti Cape Town dé Tristan, ọ̀sẹ̀ kan lórí omi ni, kò sí pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ sì lè wà níwájú èbúté fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìgbì kó tó lè já èèyàn. Erékùṣù Pitcairn, tí èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí àádọ́ta lọ, náà ò ní pápákọ̀. Pápákọ̀ gan-an kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀: erékùṣù St Helena parí tiẹ̀ lọ́dún 2016, atẹ́gùn tó ń yí ibẹ̀ ló dá ọkọ̀ òfuurufú elérò dúró títí di oṣù kẹwàá 2017.

Bí ọkọ̀ kékeré bá ti kún jù, ẹ sọ̀kalẹ̀, bó ti wù kí wọ́n máa pariwo lé yín lórí tó. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kí ẹ rí i pé ti àwọn ọmọ bá wọn lára mu. Ẹni tó máa ń bì lórí omi, kó lo oògùn ní wákàtí kan ṣáájú, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, kó sì máa wo ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run. Kó má wo fóònù.

Tíṣà Abúlé:
Èmi ò fara mọ́ Ìyá Èbúté tán lórí pé kí wọ́n dúró pẹ́. Ilé ìwé ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí ìdílé kan kó lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, wọ́n tì í láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìdílé tó kù náà kó lọ. Ọmọ méjì tí Afẹ́omi fẹ́ kó bọ̀ yẹn, àwọn ló lè mú kí olùkọ́ dúró. Ẹ gba yàrá bí wọ́n ṣe sọ, àmọ́ ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwé lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Kí ẹ sì bi olùkọ́ pé ibo ni ọmọ ọdún méjìlá ń lọ lẹ́yìn náà. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù, ó ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní òdìkejì omi láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ti àkọ́bí yín ku ọdún mẹ́ta péré.

Ìyá Èbúté:
Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ, mo gba ìyẹn. Mi ò ronú nípa ilé ìwé.

Afẹ́omi:
Ọdún mẹ́ta péré. Ìyẹn dé ọkàn wa. A jókòó lé e lórí títí di òru.

A ti fóònù ibẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ló gbé e. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè oṣù tí ọkọ̀ kì í wá, ó ní èmi ni àlejò àkọ́kọ́ tó bi òun ní ìyẹn, ó sì ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún fún mi láti inú ìwé gbèsè rẹ̀. Ó ní yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù. A máa gbà á fún oṣù mẹ́fà, ìjì á bá wa níbẹ̀. Mo ti sọ fún onílé pé kó fi gbogbo ọmọ ẹbí hàn wá kí á tó sọ̀rọ̀ owó, kò tíì fèsì. Bàbá Kànga, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: táńkì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ 5,000 lítà, ìdílé tiwọn pẹ̀lú tiwa jẹ́ èèyàn méje. Ṣé ó tó?

Bàbá Kànga:
Kò tó. Méje lọ́nà 50 jẹ́ 350 lítà lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa gbé yín bí òjò bá dá. Ẹ gbé táńkì tiyín dání nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, 5,000 mìíràn, oníke, kí ẹ fi sí ibi tí oòrùn ò ti ní kàn án. Òfìfo ni ẹ máa gbé e wá, torí náà kò wúwo, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí atukọ̀ ṣáájú, ó máa gba àyè èèyàn mẹ́jọ.